Kòkòrò àrùn ń pín agbára láàárín ara wọn: Ìdí tí oògùn fi ń kùnà, àti ohun tó kan ará Lekki àti Ajah níbẹ̀

Lóṣù kẹfà ọdún 2024 tí àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó, Etí-Ọ̀sà, ìjọba ìbílẹ̀ tí Lekki àti Ajah wà nínú rẹ̀, wà lára ibi mẹ́rin tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, Kọmíṣánnà fún ètò ìlera nípìnlẹ̀ náà, kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn yòókù ni Erékùṣù Èkó, Ìkòròdú àti Kòṣọ̀fẹ́. Èèyàn 5 ló ti kú nígbà ìkéde àkọ́kọ́, nǹkan bí 60 sì wà ní ọsibítù. Kí oṣù náà tó parí, àwọn tó kú ti ju 20 lọ. Ìjọba nawọ́ ìfura sí omi àti ohun mímu tí wọ́n fi ọ̀fìọ̀ ṣe. Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ omi ni gbogbo ẹnu ń sọ, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kejì wà tí ariwo rẹ̀ kò tó: oògùn apakòkòrò-àrùn, èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ sí àńtíbáyọ́tíìkì, ń di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀, àwọn kòkòrò náà gan-an ló sì ń kọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe ń borí rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà ni pé ẹni tó bá ṣi oògùn lò nìkan ni yóò jìyà rẹ̀. Bí lágbájá bá ra kápúsù méjì péré ní kẹ́míìsì, tó gbé e mì, tó sì dákẹ́ nígbà tí ara tù ú, wọ́n á ní òun nìkan ló mọ̀. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní bakitéríà ní ìwé ìran tirẹ̀ nínú ara, èyí tó ń darí gbogbo ìṣe rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tó wà nínú ìwé náà ni jíìnì. Yàtọ̀ sí ìwé ńlá yìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ní òrùka tíńtín kan tó dá dúró, tí jíìnì díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Òrùka yìí ni plasmid. Joshua Lederberg, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1952. Bí bakitéríà kan bá wà nítòsí òmíràn, ó lè na ohun kan tó dà bí okùn tín-ín-rín sí i, kó fà á mọ́ra, kó sì fi ẹ̀dà òrùka náà ránṣẹ́ sínú rẹ̀. Tirẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn fi iná àtùpà rẹ̀ tan ti aládùúgbò: iná di méjì, èyí àkọ́kọ́ kò sì dín. Wọn kò ní láti jẹ́ ìran kan náà. E. coli tó ń gbé jẹ́ẹ́jẹ́ nínú ìfun èèyàn lè fún kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn ní òrùka náà.

Ilẹ̀ Japan ni ojú ti kọ́kọ́ là sí ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn dókítà ibẹ̀ rí i pé Shigella, kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn, ń kọ oògùn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí yà wọ́n lẹ́nu, nítorí bí kòkòrò bá ń yí padà fúnra rẹ̀, oògùn kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó máa kọ́ bó ṣe ń borí. Lọ́dún 1959, Akiba àti Ochiai fi hàn pé ọ̀dọ̀ E. coli ni agbára náà ti lè kọjá sí Shigella. Ibi tí ewu wà gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń tú ìyẹ̀fun kápúsù sójú egbò, tàbí tó ń lò ó fún ọ̀fìnkìn tí kò lè wò, ń pa àwọn kòkòrò tí kò ní òrùka, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tó ní in. Bí oògùn mẹ́rin bá wà tí òrùka náà ń kọ̀, lílo ọ̀kan ṣoṣo ń dáàbò bo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kò sí ẹni tó lè pe èyí ní ọ̀rọ̀ òkè òkun. Lọ́dún 1996, Adébáyọ̀ Lamikanra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí E. coli inú àwọn ọmọ iléèwé tí ara wọn dá ṣáṣá. Wọ́n rí i pé agbára láti kọ oògùn wà lára rẹ̀, ó sì ṣeé gbé fún kòkòrò mìíràn. Lọ́dún 2000, Iruka Okeke, Steve Fayinka àti Lamikanra tún fi hàn pé lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣàìsàn, ìkọ̀-oògùn yìí ń pọ̀ sí i láti 1986 sí 1998. Èèyàn lè máa rù ú kiri láìmọ̀.

Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan Lekki àti Ajah nìyí. Ọ̀sà wà lápá kan, òkun wà lápá kejì, iyanrìn ló wà lábẹ́ ilé, omi abẹ́ ilẹ̀ kò sì jìn. Kànga ẹ̀rọ ni ọ̀pọ̀ ilé gbára lé, kòtò ìgbẹ́ sì máa ń wà nínú ọgbà kan náà. Apá kan nínú oògùn tí èèyàn gbé mì ń bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde láìyí padà, nítorí náà kòkòrò ara gbogbo ilé àti àjẹkù oògùn ń pàdé nínú kòtò yẹn. Nígbà tí òjò oṣù keje ọdún 2017 sọ títì Lekki di odò, tí omi wọlé tọ onílé, kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ẹ́sítéètì onígéètì ló ń gbé tàbí ilé onípákó. Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ ká sùn lóru.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yemen yẹ kó jẹ́ àríkọ́gbọ́n. Láàárín àjàkálẹ̀ onígbáméjì ibẹ̀ ni kòkòrò àrùn náà gba plasmid kan lọ́dún 2018, azithromycin tí àwọn dókítà ń lò kò sì ràn án mọ́. Lóṣù kejìlá ọdún 2024, àwọn onímọ̀ Institut Pasteur ní Paris kéde pé ẹ̀yà onígbáméjì kan tó ń kọ oògùn mẹ́wàá ti dé Lebanon, Kenya, Tanzania, Comoros àti Mayotte lẹ́yìn Yemen. Azithromycin àti ciprofloxacin wà nínú mẹ́wàá náà, bẹ́ẹ̀ méjì nínú oògùn mẹ́ta tí wọ́n fọwọ́ sí fún onígbáméjì nìyẹn. Wọn kò dárúkọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú àti ọkọ̀ ojú omi ń wọ Èkó lójoojúmọ́. Lóòótọ́, omi oníyọ̀ àti ṣúgà ni olórí ìtọ́jú onígbáméjì. Oògùn ló ń gbe ẹni tó wọ̀ lára tán.

Kò yẹ kí wọ́n di gbogbo ẹ̀bi ru tálákà tó ra kápúsù méjì. Òfin ní ìwé dókítà ni kí wọ́n fi ra àńtíbáyọ́tíìkì, ṣùgbọ́n ta ló ní owó dókítà àti ti àyẹ̀wò? Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023 tí ilé-iṣẹ́ GSK ti kéde pé òun ń kógbá wọlé ní Nàìjíríà, owó àwọn oògùn kan ti fò sókè, ẹni tí kò lè ra odidi sì ń ra ìdajì. Àwọn tó ń da oògùn sínú omi adìyẹ tí kò ṣàìsàn náà kò jẹ̀bi kéré.

Ìwádìí tí ìwé ìròyìn Lancet gbé jáde lọ́dún 2022 ní èèyàn mílíọ̀nù 1.27 ni ìkọ̀-oògùn yìí pa kárí ayé lọ́dún 2019, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló sì burú jù: ikú 27.3 nínú èèyàn 100,000. Nàìjíríà ní ètò tó gbé kalẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 2017. Ètò inú ìwé kò tó. Àyẹ̀wò tó máa sọ irú oògùn tó ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní ọsibítù ìjọba ní owó tí ara gbà. Omi ẹ̀rọ ìjọba gbọ́dọ̀ dé Etí-Ọ̀sà. Kòtò ìgbẹ́ àti kànga gbọ́dọ̀ jìnnà síra. Bí ìjọba bá ń gbógun ti onígbáméjì láìka ọ̀rọ̀ oògùn kún un, ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe. Oògùn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lónìí dà bí kànga àdúgbò: ẹni tó da ẹrẹ̀ sí i kọ́ ni yóò dá a mu.