Ọkọ̀ Ojú Irin Tí Bàbá Fi Ọwọ́ Kà

Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, ìyá oníṣòwò kan rí mi níwájú ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ agolo. Mo gbé orí ọkọ̀ rélùwéè kékeré kan lé itan, mo ń fi fáìlì ha á. Ó ní, "Tíṣà, ṣé ohun ìṣeré ọmọdé lẹ wá ń ṣe báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n dúró de ojú ìwé yìí. Èsì wọn nìyí.

Kò sí ojú irin ní Ìkòyí-Ilé níbí. Èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896 dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Ó gba Ọ̀ffà kọjá. Kò yà kí Ọ̀yọ́, kò sì yà kí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ nínú àwa ará ìhín ní láti lọ bá a níbi tí ó wà. Bàbá mi àgbà lọ bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ adáná ni wọ́n gbà, wọ́n ń fi ṣọ́bìrì da èédú Enúgu sínú iná. Orí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni irú èyí tí wọ́n fi orúkọ odò sọ, tí Òyìnbó ń pè ní River Class. Bìrìtéènì ni wọ́n ti kọ́ ọ lẹ́yìn ogun Hítílà. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí rélùwéè Ìlà-Oòrùn Áfíríkà fi wo àwòkọ rẹ̀ ṣe tiwọn ní ọdún bíi 1951 sí 1955.

Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, ojú wọn kò sì ríran mọ́. Mo rò ó nínú ara mi pé bí bàbá kò bá lè lọ bá ọkọ̀, kí ọkọ̀ wá bá bàbá. Ni mo bá ra ọkọ̀ ìṣeré tòkunbọ̀ kan tí ń fi iná mànàmáná rìn. Ẹni tí ó tà á búra pé ọkọ̀ Nàìjíríà pọ́nńbélé ni. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀, nítorí tíṣà kì í fi ìṣirò sílẹ̀. Àárín irin méjì ojú irin wa àtijọ́ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ààbọ̀, èyí ni mìlímítà 1067. Àárín irin ti ohun ìṣeré yìí jẹ́ mìlímítà 16.5. Ẹ pín 1067 sí ọ̀nà 64, ẹ óò rí nǹkan bíi 16.7. Nítorí náà, bí a bá ṣe ara ọkọ̀ wa ní ìdá kan nínú 64, ẹsẹ̀ irin tí a rà yóò bá a mu. Àwọn ará New Zealand, tí ìwọ̀n ojú irin tiwọn náà rí bíi tiwa, máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀.

Mo tú ara ọkọ̀ náà dànù. Páìpù omi ni mo fi ṣe ikùn rẹ̀, agolo mílíìkì ni mo gé ṣe ilé awakọ̀, wáyà iná di irin ìdìmú, ìdérí bíró di ihò èéfín. Mo fọ́ èédú tí a fi ń sun àgbàdo wẹ́wẹ́, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn. Mo kùn ún ní ọ̀dà dúdú, mo gbé e lọ.

Bàbá gbà á lé itan. Wọ́n fi ìka rìn lórí ikùn rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín nígbà tí ọwọ́ wọn kan èédú. Wọ́n wá sọ ọwọ́ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n kà á: "Ení, èjì, ẹ̀ta." Wọ́n tún un kà.

"Ẹ̀kẹrin rẹ̀ dà?"

"Bàbá, bí wọ́n ṣe tà á fún mi nìyẹn."

"Ọkọ̀ tèmi ní ńlá mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kékeré kan níwájú, kékeré kan lẹ́yìn. Ọkọ̀ ẹlòmíràn ni èyí. Ṣùgbọ́n o ṣeun, ọmọ mi."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, "o ṣeun" yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo ti rí àwòrán ọkọ̀ náà, mo sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ kò pé. Ohun tí mo sọ lọ́kàn ni pé, "Wọn kò ríran, wọn kò ní mọ̀."

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ra ìkejì rẹ̀ kí n lè yọ ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ agolo bá mi gé idẹ pẹlẹbẹ méjì, ó fi òjé jó wọn pọ̀ di ìdí ọkọ̀ tuntun. Ohun mẹ́ta ni kí ẹni tí yóò ṣe irú rẹ̀ kíyè sí. Èkíní, ẹ̀rọ inú rẹ̀ kì í yí ju ẹsẹ̀ méjì tí ó wà lórí ọ̀pá kan lọ. Irin gbọọrọ ẹ̀gbẹ́ ni ó ń fa àwọn yòókù. Bí àlàfo ihò irin yìí bá yàtọ̀ díẹ̀ sí àlàfo ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò há. Mo so irin náà mọ́ idẹ, mo lu ihò wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èkejì, bí ìṣó tí irin ọ̀tún kọ́ bá wà lókè, ti òsì gbọ́dọ̀ wà níwájú tàbí lẹ́yìn, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo, kí gbogbo ẹsẹ̀ sì bára mu nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, ọkọ̀ gígùn kì í fẹ́ kọ́nà. Ẹ fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ àárín lè yọ̀ sọ́tùn-ún sósì. Lókè òkun, ènìyàn lè ra gbogbo èyí ní ṣíṣe: idẹ tí ásíìdì gé, tàbí oníke tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Ṣọ́ọ̀bù alágbẹ̀dẹ ni tèmi.

Ní Sátidé, mo gbé e padà. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wá ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin." Wọ́n kan kékeré iwájú, wọ́n kan kékeré ẹ̀yìn. Wọ́n mí kanlẹ̀.

Wọ́n ní, "Tíṣà, gbé ṣọ́bìrì mi wá."

Àgbàlagbà kan wà nínú ilé tiyín náà. Ẹ má ṣe rò pé kò ní mọ̀. Ó dọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.