Àwọn Ọmọ Wa Tí Ń Fi Bọ́ọ̀lù Jẹun Lókè Òkun

Bí oòrùn bá ti rọ̀ díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, agbára káká ni a fi lè rí pápá ilé-ìwé kan ní Ìyàrà tí a kò ní bá àwọn ọmọkùnrin lórí rẹ̀, tí wọ́n ń lé bọ́ọ̀lù kiri títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ni ó ń pe èyí ní eré ọ̀lẹ, wọ́n a sì máa bi àwa olùkọ́ léèrè ìdí rẹ̀ tí a kò fi lé àwọn ọmọ náà padà sí ìdí ìwé wọn. Àwọn mìíràn sì wà tí wọ́n ti gbọ́ iye owó tí a ń san ní Yúróòpù, tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ wọn pa ìwé tì lónìí kí ó sì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́la. Ní tiwa, a kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì. Bọ́ọ̀lù gbígbá ti di iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀dẹ àti gbẹ́nàgbẹ́nà ti jẹ́ iṣẹ́. Ohun tí ó bá sì jẹ́ iṣẹ́, ó ní ọjọ́ ìkọ́ṣẹ́, ó ní ọjọ́ èrè, ó sì ní ọjọ́ tí a ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ èrè nìkan ni àwọn ìlú wa ń jó sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn Rashidi Yekini. Ọmọ Ìrá ni, ní ìpínlẹ̀ Kwara, èyí tí àwa ará Okun pẹ̀lú wà lábẹ́ rẹ̀ láti 1967 títí di 1991 tí a dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀. Nítorí náà ní ọjọ́ tí òkìkí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn, ará ilé kan náà ni àwa àti òun. Kàdúná ni a bí i sí ní 1963, ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ti ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì bímọ sí. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ UNTL. Ó wá sí Shooting Stars ní Ìbàdàn ní 1982, lẹ́yìn èyí ó lọ sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta. Ọmọ ọdún 23 ni kí ó tó ré ẹnubodè kọjá lọ sí Africa Sports ní Abidjan ní 1987. Kí àwọn òbí tí ń kánjú jọ̀wọ́ fi ọjọ́ orí yìí sọ́kàn: ọ̀dọ̀ àwọn ará ilé ni ọkùnrin náà ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Ní 1990 ó dé Setúbal, ìlú àwọn apẹja ní Pọ́túgà. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ Vitória tí ó bá lọ já wálẹ̀ sí ìpele kejì. Ọ̀pọ̀ ni ì bá ti palẹ̀ ẹrù mọ́. Ṣùgbọ́n Yekini dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gòkè padà ní 1993, àti ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, 1993 sí 1994, góòlù 21 ni ó gbá wọlé, kò sì sí ẹni tí ó tó o ní gbogbo ilẹ̀ náà. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí a fi oyè agbábọ́ọ̀lù tó ta yọ jù lọ ní Áfíríkà dá lọ́lá, ti ọdún 1993. Ní 1994 kan náà Nàìjíríà gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Túnísíà, góòlù 5 ni ó gbá níbẹ̀. Nígbà tí ó sì di ọjọ́ 21 oṣù June, ní Dallas ní Amẹ́ríkà, ó gbá góòlù sí àwọ̀n Bùlùgéríà, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí Nàìjíríà ní nínú ìdíje Ife Àgbáyé. Ó kó sínú àwọ̀n náà, ó dì í mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì ń sunkún, ó ń ké pe Ọlọ́run. Góòlù 3 sí òdo ni wọ́n fi na Bùlùgéríà, orílẹ̀-èdè tí ó wá ṣe ipò kẹrin nínú ìdíje ọ̀hún. A kò tíì rí ẹni tí ó wo ìran yìí ní ọjọ́ náà tí ó gbàgbé rẹ̀.

Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni nígbà náà. Nínú iṣẹ́ tiwa, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ bí a ti í di ẹfun mú ni. Nínú tirẹ̀, oòrùn ti yẹ̀ àtàrí. Láàárín ọdún mẹ́jọ tí ó tẹ̀ lé e, ó lọ sí Gíríìsì, Sípéènì, Setúbal lẹ́ẹ̀kejì, Zürich, Túnísíà, Saudi Arabia, àti Abidjan lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó padà sílé ní 2002 sí ẹgbẹ́ Julius Berger, ó sì tún wọ aṣọ Gateway ní Abẹ́òkúta ní 2005, nígbà tí ó ti lé ní ogójì ọdún. Góòlù 37 ni ó gbá fún Nàìjíríà, ẹnikẹ́ni kò sì gbá jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà ayé rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó jẹ́ẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì yẹra fún ènìyàn. Ó kú ní ọjọ́ 4 oṣù May 2012, ní ọmọ ọdún 48, wọ́n sì gbé e lọ sin sí Ìrá. Àwọn ìwé ìròyìn kọ púpọ̀ nípa àìsàn rẹ̀. A kì yóò fi kún un. Ìbéèrè kan ni ó ń jẹ wá lọ́kàn: láàárín ọjọ́ tí ó bọ́ bàtà rẹ̀ àti ọjọ́ tí ó dé ibojì, ìlú wo, ilé-ìwé wo, ni ó ránṣẹ́ sí i pé kí ó wá fi han àwọn ọmọdé bí a ti í fi orí gba bọ́ọ̀lù wọlé? Ọ̀rọ̀ ìdárò tí a sọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ pọ̀ tó láti kún ìwé ńlá.

Kò pọn dandan kí ó rí bẹ́ẹ̀. Teslim Balogun ti Èkó wà lára àwọn tí ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba ní 1949, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò wọ bàtà gbá bọ́ọ̀lù. Ó padà lọ síbẹ̀ ní 1955 sí Peterborough, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Queens Park Rangers ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1956. Ó kọ́ iṣẹ́ ìkọ́ni ní bọ́ọ̀lù, ó sì fi ìmọ̀ náà bọ̀ wálé fún àwọn ọ̀dọ́ ní Ìbàdàn. Òun pẹ̀lú kò pẹ́ láyé, ọmọ ọdún 41 ni ní 1972. Ṣùgbọ́n ó ti rí iṣẹ́ mìíràn ṣe lẹ́yìn èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni ọ̀ràn tí ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Ìyàrà. Òfin àjọ FIFA kò gbà kí a mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi nínú ọ̀ràn díẹ̀ tí a là sílẹ̀. Victor Osimhen gbá góòlù 10 nínú Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́langba ní Chile ní 2015, gbogbo ayé sì ń wá a. Síbẹ̀ ó di oṣù January 2017, lẹ́yìn tí ó pé ọdún 18, kí ó tó dara pọ̀ mọ́ Wolfsburg ní Jámánì. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè dúró, kí ni a ó sọ nípa alágbàtà tí ó wọ inú ìlú wa tí ó ní òun yóò mú ọmọ ọdún 15 lọ, bí bàbá rẹ̀ bá lè ta ilẹ̀ kókó láti san owó ọ̀nà? Òfin ní kí aṣojú gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ FIFA, kí ó sì gba ìyọ̀ǹda òbí ní kíkọ kí ó tó bá ọmọdé sọ ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹni tí kò bá lè fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn, ẹ má ṣe fún un ní àga jókòó.

Ohun mìíràn wà tí àwọn ìjòyè wa kò tíì gbọ́ tó. Nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ kan bá san owó fún ẹgbẹ́ kejì láti gba agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí, òfin yọ ìdá 5 nínú 100 owó náà sọ́tọ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láti ọdún 12 títí di ọdún 23. Ká ní a san mílíọ̀nù kan owó yúrò fún ọmọ Ìyàrà kan: ẹgbẹ́ tí ó kọ́ ọ láti ọdún 12 títí di ọdún 15 yóò gba yúrò 2,500 fún ọdún kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 10,000. Bí a bá tún un rà ní ìlú mìíràn, a ó tún san án. Láti oṣù November 2022 ni FIFA ti gbé ilé ìsanwó kan kalẹ̀ ní Paris fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó wà nínú ìwé àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀ nìkan ni a ń san án fún, àti fún ọmọ tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún tí a kọ́ ọ. Ọmọ tí ó gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá wa fún ọdún mẹ́rin láìsí àkọsílẹ̀, lójú òfin, kò gbá a rí.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ kan àwa olùkọ́ àti oníwàásù. Àwọn ọ̀gá ilé-ìwé kan wà tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé ọjọ́ ìbí èké, kí ọmọ ọdún 19 lè di ọmọ ọdún 15, wọ́n sì ń pè é ní àánú. Yàtọ̀ sí pé irọ́ ni, òmùgọ̀ iṣẹ́ ni pẹ̀lú: bí ọdún mẹ́rin bá ti bọ́ nínú ọjọ́ orí ọmọ náà, àwọn ọdún tí a fi kọ́ ọ kò lè bá ìwé mu mọ́, ẹ̀tọ́ ìlú sì ti dà nù.

Nítorí náà a ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa bẹ ààfin àti ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà nínú ìlú wa yìí, pé kí a fi orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, kí a sì ní ìwé kan tí orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an, kíláàsì rẹ̀ àti ọdún tí ó bẹ̀rẹ̀ yóò wà nínú rẹ̀. Kí a má fi ọmọ tí kò wá sí kíláàsì ní òwúrọ̀ sínú ẹgbẹ́ náà ní ìrọ̀lẹ́. Kí a sì ya ipò olùkọ́ kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún ọmọ Okun èyíkéyìí tí ó bá ti gbá bọ́ọ̀lù jẹun lókè òkun tí ó sì padà wálé, ì báà lówó, ì báà má lówó. A ó gbé ọ̀ràn yìí kalẹ̀ ní ìpàdé oṣù tí ń bọ̀; kí àwọn ọ̀gá ilé-ìwé jọ̀wọ́ mú ìwé orúkọ àwọn ọmọ wọn dání wá.