Ẹ Lé Tìróò, Ẹ Má Pa Ojú Dà

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà tún àwòrán ṣe, àti ẹ̀yin tí ẹ ń sanwó fún wọn, ẹ dákun, ẹ fetí sí mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, mi ò sì fẹ́ kó bá mi wọ sàréè.

Níbi ìsìnkú ìyá kan ní àdúgbò wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé bánà ńlá kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, àwòrán ìyá náà sì gba gbogbo ojú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n olóògbé, arúgbó tí wọ́n fà lọ́wọ́ wá láti abúlé, dúró níwájú bánà náà, ó wò ó títí, ó wá yíjú sáwọn ọmọ àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Ta lẹ gbé kọ́ síbí yìí? Àbúrò mi dà?"

Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀.

Ìpéǹpéjú òsì ìyá yẹn máa ń rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ láti kékeré. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún wa. Tìróò nìkan ló ń lé títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ṣùgbọ́n ìyá orí bánà kun àwọ̀ àlùkò sí ìpéǹpéjú, irun ojú rẹ̀ gùn lọ sókè bí ìyẹ́ ẹyẹ, ojú méjèèjì sì dọ́gba rẹ́gí.

Èmi ni mo ya fọ́tò yẹn fún un, nínú ṣọ́ọ̀bù mi tó ní fèrèsé kan ṣoṣo. Mo sún mọ́ bánà, mo wo ìmọ́lẹ̀ bíńtín tí fèrèsé náà fi sínú ẹyinjú rẹ̀. Nínú ojú kan, ó wà lápá ọ̀tún. Nínú ojú kejì, ó wà lápá òsì. Ọ̀rọ̀ wá yé mi. Wọ́n ti gé ojú tó dá ṣáká, wọ́n yí i bí ìgbà téèyàn bá rí ara rẹ̀ nínú dígí, wọ́n sì fi bo ojú tí Ọlọ́run fún un mọ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àgbà yìí ń jowú iṣẹ́ ọmọdé. Àwa náà tún fọ́tò ṣe. Nígbà tí a ṣì ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn, mo máa ń gbé nẹ́gẹ́tíìfù síwájú ìmọ́lẹ̀, màá fi pẹ́ńsù tí mo gbẹ́ ṣọnṣọ rọra bo ojú rorẹ́ àti àpá. Ìyàwó tó ń ṣègbéyàwó lọ́la kò gbọdọ̀ tìtorí rorẹ́ ọ̀sẹ̀ kan sunkún ní gbogbo ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyinjú ni ààlà wa. A kì í kọjá ibẹ̀.

Àwọn onífọ́tò Yorùbá tó ṣáájú wa tilẹ̀ ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, kọ nípa wọn lọ́dún 1978. Ó sọ ohun tó rí ní Ìlá Ọ̀ràngún: bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, onífọ́tò á tẹ àwòrán èyí tó kù lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì lè wà pa pọ̀. Ṣé irọ́ nìyẹn? Rárá. Gbogbo ilé ló mọ ohun tí wọ́n ṣe. Àwọn yẹn fi iṣẹ́ ọwọ́ mú ẹni tó lọ padà wálé. Àwọn tó ṣe bánà yìí lé ẹni tó yẹ kó wà nílé jáde.

Mo ti jókòó ti àwọn ọmọ tó mọ Photoshop dunjú, ètò kọ̀ǹpútà tí Thomas Knoll àti John Knoll, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ṣe, tí Adobe sì gbé jáde lọ́dún 1990. Ọwọ́ àwọn ọmọ náà dá, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọn kì í kun àwòrán gan-an. Wọ́n á tẹ́ ohun tí wọ́n ń pè ní léyà lé e, bí ẹni tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara sórí fọ́tò. Orí ọ̀rá yẹn ni wọ́n á kun àwọ̀ sí, wọ́n á sì dín agbára rẹ̀ kù títí awọ ara yóò fi máa hàn lábẹ́ rẹ̀. Irun ojú, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fà á: ìdí rẹ̀ á nípọn, ṣóńṣó rẹ̀ á tín-ín-rín, á sì tẹ̀ kọ̀rọ̀ bí èyí tó hù fúnra rẹ̀. Ìdí tí mo fi ń kìlọ̀ gan-an nìyí. Iṣẹ́ tí kò dáa, ọmọdé á mọ̀ pé wọ́n kùn ún ni. Èyí tó dáa jù lọ ló lè tan àgbà jẹ.

Ẹ wo àwọn tó ń ta ohun ìkunjú. Lọ́dún 2011 ní Amẹ́ríkà, Procter & Gamble kó ìpolówó mascara (ohun tí wọ́n fi ń kun irun ojú) CoverGirl kan kúrò nílẹ̀ nígbà tí àjọ tó ń ṣọ́ ìpolówó bi wọ́n nípa irun ojú tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà fi kún àwòrán. Lọ́dún 2012 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ASA, àjọ tó ń ṣọ́ ìpolówó níbẹ̀, fòfin de ìpolówó mascara Dior tí Natalie Portman wà nínú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ náà kò jiyàn pé kọ̀ǹpútà ló fi kún gígùn àwọn irun ojú kan. Irun gígùn ni wọ́n ń tà, kọ̀ǹpútà ló sì mú un gùn. Kí wá ni ẹni tó sanwó rà? Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ta tiyín lórí fóònù, tó jẹ́ pé ojú tí fílítà kùn lẹ fi ń polówó, ẹ̀bi kan náà ni.

Ìwé ìjọba ńkọ́? Fọ́tò tí wọ́n fi ń gba físà Amẹ́ríkà, ìlànà rẹ̀ sọ ọ́ kedere pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi kọ̀ǹpútà pa ìrísí ara rẹ̀ dà. Ẹlẹ́rìí ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀. A kì í kun ojú ẹlẹ́rìí.

Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn ọmọbìnrin kéékèèké. Ọmọ-ọmọ mi kan, ọmọ ọdún 11, kò gbà kí n fi kámẹ́rà ya òun mọ́. Fóònù tó máa ń lẹ irun ojú mọ́ni nìkan ló ń fẹ́. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ojú òun kéré. Ojú ìyá tó bí mi ni ọmọ yìí gbé wá sáyé! Ta ló sọ fún un pé ohun ìní wa yẹn kò dáa?

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ yìí, ẹ kun ìpéǹpéjú tí oníbàárà bá ní kí ẹ kùn, ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan ẹyinjú, ẹ má sì sọ ojú tó rọ̀ di èyí tó gún. Ẹ tọ́jú àwòrán àkọ́kọ́ pamọ́ kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Bí ẹ bá ń fi tajà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ̀ǹpútà ló kùn ún. Ẹ̀yin ọmọ olókùú, ẹ fi bánà han àwọn àgbà ilé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa ki ojú ọmọ yín fún un, kó tó di pé fóònù bù ú. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú náà, mo wá fọ́tò àkọ́kọ́ rí, mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà, mo sì gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyá yẹn ní abúlé. Arúgbó náà ò wo aṣọ, kò wo gèlè. Ó fi àtàǹpàkò ra ìpéǹpéjú òsì tó rọ̀ sílẹ̀ yẹn lọ, ra á bọ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, o káàbọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ fi sílẹ̀ fún olójú.