TA NI Ọ̀GÁ ALÁWÀDÀ?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, àmọ́ mi ò ní torí àdúgbò parọ́. Àwọn èèyàn wa ní Bàbá Sùwé ni ọ̀gá gbogbo aláwàdà, torí pé Ìsàlẹ̀ Èkó níbí ni wọ́n ti bí i ní 1958. Mo gbà, ẹnu ẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n ta ló la ọ̀nà tó tọ̀?

Kí Bàbá Sàlá tó dé, bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni àwàdà rí nínú eré Ògúndé àti Dúró Ládiípọ̀. Òun àti ẹgbẹ́ Aláwàdà ẹ̀ ló sọ ọ́ di odindi oúnjẹ. Ó gbé aago ńlá kọ́rùn, ó ṣe ahun, a rẹ́rìn-ín, a sì rí ara wa níbẹ̀.

Kí la fi san án? Ó ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, àwọn olè ṣe ayédèrú ẹ̀ tà, gbèsè wọ baba lọ́rùn. Ó kú ní 2018, Bàbá Sùwé tẹ̀ lé e ní 2021.

Nítorí náà, ìwọ tó ń jiyàn ọ̀gá, tó tún ń wo fíìmù jíjí, jọ̀ọ́, panu ẹ dé. Ẹni tó bá mọ ọ̀gá a máa sanwó iṣẹ́ ọ̀gá.