Odi Ara Kò Ṣe é Rà Lọ́jà

Àwọn àgbà wa ni wọ́n sọ pé ìlera loògùn ọrọ̀. Kò sí ayẹyẹ kan ní ìlú tí a kì í ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ìwà tí àwa tí a ń sọ ọ́ ń hù, a ó rí i pé púpọ̀ nínú wa ti dorí rẹ̀ kodò: ọrọ̀ ni a fẹ́ fi ra ìlera. Ẹni tí ó ti fi ogún ọdún jẹ ìjẹkújẹ, tí kì í sùn bí ó ti yẹ, tí kì í fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn, a máa mú owó tọ ẹni tí ń ta oògùn inú ìgò lọ, kí ó lè rí rà ní ọjọ́ kan ohun tí kò mọ ní ogún ọdún.

Láti ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà wọ ilẹ̀ wa, ni ọ̀rọ̀ agbára tí ara fi ń dènà àrùn ti gba ẹnu gbogbo ènìyàn. Ní ibùdókọ̀, ní ọjà, lórí rédíò, àní ní ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn, a kì í rìn jìnnà kí a tó pàdé ẹni tí ń polówó àgbo tàbí hóró oògùn kan tí yóò sọ ara di irin. Àwa kò fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà, nítorí pé ẹni tí ó bẹ̀rù ikú kò ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n ó di dandan kí a sọ òtítọ́ fún ara wa: odi ara kì í ṣe ohun tí a ń rà. Mímọ ni a ń mọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́.

Ẹni tí ó bá ti dé ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí ó sì ti dúró sí etí yàrà ńlá tí a ń pè ní Eredo, èyí tí ìtàn so mọ́ orúkọ Bílíkísù Súngbọ́, yóò mọ ohun tí a ń wí. Yàrà náà gùn ju 160 kìlómítà lọ, ibòmíràn sì wà nínú rẹ̀ tí odi rẹ̀ ga sókè tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀. Kò sí ẹni tí ó rà á. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ, tí ó ń kó erùpẹ̀ lé erùpẹ̀, títí ó fi di ohun tí ọ̀tá kò lè fò kọjá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni odi tí ń bẹ nínú ara ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí odi yìí ti rí. Awọ ara ni ògiri àkọ́kọ́. Ikun imú, itọ́ ẹnu, àti omi kíkan tí ń bẹ nínú ikùn ni oníbodè. Bí ọ̀tá bá kọjá lára àwọn wọ̀nyí, àwọn ẹ̀ṣọ́ ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń pè ní sẹ́ẹ̀lì funfun. Inú mùdùnmúdùn eegun ni a ti ń bí wọn. Àwọn kan nínú wọn a máa gbé kòkòrò àrùn mì. Àwọn kan a máa rọ ohun ìjà tí ó bá irú ọ̀tá kan ṣoṣo mu. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ a máa rántí ojú ọ̀tá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó má baà rí àyè wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ẹ̀ṣọ́ wọ̀nyí kì í jẹ afẹ́fẹ́. Oúnjẹ wa ni a fi ń bọ́ wọn, oorun wa ni ìsinmi wọn, ọtí àmujù àti èéfín sìgá a sì máa sọ wọ́n di aláìlágbára.

Ohun kan wà pẹ̀lú tí àwọn tí ń ta oògùn ìgò kì í sọ. Kì í ṣe bí ẹ̀ṣọ́ bá ti ń bínú tó ni ìlú ṣe ń ní ààbò tó. Ẹ̀ṣọ́ tí inú rẹ̀ ń ru láìnídìí a máa kọlu onílé. Irú rẹ̀ ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikọ́ fée, àti nínú irú àrùn oríkèé kan níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara ti ń ba oríkèé ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ jẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ń kígbe pé òun yóò "fi agbára kún" odi ara kò mọ ohun tí ó ń wí. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni ara ń fẹ́.

Ó yẹ kí a rántí ọdún 2014, nítorí pé ẹni tí ó bá gbàgbé yóò tún ṣubú sínú kòtò kan náà. Ní oṣù Keje ọdún náà ni àrùn Ẹ̀bólà bá ọkọ̀ òfurufú wọ Èkó. Nígbà tí ó di oṣù Kẹjọ, àhesọ kan tàn ká ìlú pé kí gbogbo ènìyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí wọ́n sì mu nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn tí ó mọ̀wé kò gbẹ́yìn nínú àwọn tí ń fi tẹlifóònù jí ará ilé wọn lóru. Kí ni èrè rẹ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé, ó kéré tán, ènìyàn méjì kú ní ilẹ̀ wa nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu. Ẹ̀bólà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àhesọ ni ó pa wọ́n.

Kí ni ó wá gba Èkó là? Kì í ṣe iyọ̀, kì í sì í ṣe orogbó tí àwọn mìíràn ń jẹ nígbà náà. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh, tí ó jẹ́ ọmọ ìran Herbert Macaulay, ni ó kọ̀ jálẹ̀ pé aláìsàn àkọ́kọ́ kò ní jáde kúrò ní ilé ìwòsàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń rọ̀ ọ́ kí ó tú u sílẹ̀. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i, nítorí pé àrùn náà ni ó pa á ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tí ó súnmọ́ aláìsàn kàn, nǹkan bí 900, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ 21. Omi àti ọṣẹ dúró ní ẹnu ọ̀nà gbogbo. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú, 8 kú nínú wọn, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, a kéde pé Ẹ̀bólà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ọṣẹ, omi, sùúrù àti ìgboyà ni ó ṣe é.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé a ń gan egbòogi àwọn baba wa. Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ kan tí ó jinlẹ̀: àjẹsára. Ohun tí a jẹ sínú ara kí àrùn tó dé ni. Èrò pé kí a mú ara gbọ́n ṣáájú ọ̀tá kì í ṣe àjèjì sí wa, ìdí sì nìyí tí ó fi rọrùn fún èdè wa láti fún abẹ́rẹ́ òde òní ní orúkọ náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń fi ojú ọ̀tá han àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń rántí, kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀ gbígbóná, àrùn tí àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ, pa ìdílé run ní ilẹ̀ wa. Dókítà Oguntola Sapara, tí ó kú ní ọdún 1935, fi ọ̀pọ̀ ọdún bá a jà. Ní ọdún 1980 ni a kéde pé ó ti parẹ́ ní gbogbo ayé, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni a sì fi ṣẹ́gun rẹ̀. Ní ọdún 2020 bákan náà, a kéde pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdáyébá kò sí mọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìjòyè tí ó bá ń fi ọmọ-ọmọ rẹ̀ pamọ́ fún abẹ́rẹ́ kò gbèjà àṣà. Àṣà gan-an ni ó sọ abẹ́rẹ́ náà lórúkọ.

Ní ti àgbo, oníṣègùn àtijọ́ a máa bi aláìsàn léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀ àti ìṣe rẹ̀. A máa wọn oògùn fún un, a sì máa fi èèwọ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ń kígbe nínú ọkọ̀ lónìí pé ìgò kan ń wo ogún àrùn, tí ó sì ti pò ó mọ́ ọgógóró, kì í ṣe àrólé oníṣègùn yẹn. Nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára ìgò pàápàá kò tó láti fi hàn pé oògùn ń ṣe gbogbo ohun tí a polówó rẹ̀.

Kí ni a ó wá ṣe? Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí àgbàlagbà jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó 400 gíráàmù lójúmọ́, kí iyọ̀ má sì tó 5 gíráàmù, èyí tí í ṣe nǹkan bí ẹ̀kún ṣíbí kékeré kan tí a fi ń ro tíì. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ewúro, ẹ̀wà, ẹja, ìbẹ́pẹ àti ọsàn kò jìnnà sí wa. Ìgbéraga ni ó mú kí ọ̀làjú máa fi mínírà àti ẹran ọ̀rá dípò wọn. Rírìn kíákíá fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kò sì ju ohun tí bàbá wa ń rìn lọ sí oko ní ọjọ́ kan tàbí méjì.

Nípa oorun, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣọ́ oorun ènìyàn 164 tí ara wọn dá ṣáṣá fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n kán kòkòrò ọ̀fìnkìn sí wọn ní imú. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, wọ́n fi hàn pé ewu kí ọ̀fìnkìn mú àwọn tí oorun wọn kò tó wákàtí mẹ́fà ju ìlọ́po mẹ́rin lọ sí ti àwọn tí ń sùn ju wákàtí méje lọ.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an. Ta ni ń ṣe òkú mọ́jú? Ta ni ń ṣe ìwúyè tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fi ń dún títí àkùkọ fi kọ? Ta ni ń jókòó sórí àga ọlá níbẹ̀? Kì í ṣe mẹ̀kúnnù. Àwa ni. Nígbà tí a ń náwó fún onílù, abiyamọ tí ó wà ní ilé kejì kò lè sùn, ọmọ rẹ̀ ń ké, awakọ̀ tí yóò gbé àwọn ènìyàn ní ìdájí ń yí lórí ẹní. Odi ara wọn ni a ń wó, a kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn.

A mọ̀ pé ẹnì kan yóò dáhùn pé, òṣìṣẹ́ tí ń jí ní aago mẹ́rin òru kí ó lè dé ibi iṣẹ́ ní Èkó, báwo ni yóò ṣe sun wákàtí méje? Obìnrin tí kò ní omi nílé, báwo ni yóò ṣe máa fọwọ́? Òtítọ́ ni, a kò sì ní bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí a bá ń ka òfin ìlera sí irú wọn létí láìṣe ohun kan sí i, ẹ̀gàn ni a ń fi kún ìṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni kan kọ́ ni ó gbẹ́ Eredo. Iṣẹ́ ìlú ni, àwọn olórí ni wọ́n sì pe ènìyàn jọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́dọ̀ ẹ̀yin ọba, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ìlú. Kí ayẹyẹ gbogbo tí a bá ní ọwọ́ nínú rẹ̀ parí ní aago mẹ́wàá alẹ́. Kí omi àti ọṣẹ wà ní ààfin, ní ọjà àti ní ibi ìpàdé gbogbo. Kí ìjòyè kankan má ṣe yá olóògùn ìgò ní orúkọ rẹ̀ tàbí iwájú ilé rẹ̀. Kí olúkúlùkù wa sì mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ gba àjẹsára ní gbangba, kí ará ìlú rí i.

Kò sí èyí tí ó wọ́n nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Owó agọ̀ àti onílù òkú kan ṣoṣo lè gbẹ́ kànga fún àdúgbò. Àwọn tí ó gbẹ́ Eredo ti kọjá lọ, yàrà wọn kò tíì dí. Kí ọmọ wa má ṣe wo ẹ̀yìn lọ́jọ́ iwájú, kí ó wá rí i pé ìgò òfìfo ni a fi sílẹ̀ de òun.