Àwọn Tó Gbé Gẹ̀ẹ́sì Wá Bá Wa Kọ́ Yorùbá

Ọ̀rọ̀ mi lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: kí iléèwé wa fagi lé owó ìtanràn fanákúlà. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá sọ Yorùbá nínú kíláàsì, mónítọ̀ á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Onítọ̀hún á san náírà 50, tí kò bá sì ní in, á kúnlẹ̀ títí wọ́n á fi lu aago.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo kórìíra Gẹ̀ẹ́sì o. Ẹni tó bá wà ní SS2 tó kórìíra Gẹ̀ẹ́sì ti gbàgbé WAEC nìyẹn. Tí èèyàn ò bá ní kírẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì, yunifásítì jìnnà sí i. Ohun tí mo ń bi yín ni pé, ṣé ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ ọ yìí dáa?

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó kọ́kọ́ gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Kúdẹtì kò jìnnà, èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ láti Ọjà'ba. Ibẹ̀ ni tọkọtaya kan tí ẹgbẹ́ CMS rán wá, David àti Anna Hinderer, tẹ̀dó sí ní 1853. Mùsùlùmí ni mí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìsìn kọ́ ni mo bá dé, ọ̀rọ̀ iléèwé ni. Ìyàwó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti agbègbè Norfolk. Ọkọ ńkọ́? Ọmọ Jámánì ni. Ìyẹn ni pé tíṣà tó wá kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, òun alára kọ́ ọ ni, wọn ò bí i mọ́ ọn. Ó mọ bó ṣe máa ń rí lára èèyàn tí ahọ́n bá ń kọsẹ̀.

Ìgbé ayé wọn níbí kì í ṣe ti òyìnbó inú fíìmù. Ilé alámọ̀ ni wọ́n gbé. Ibà ń dá wọn dùbúlẹ̀ léraléra. Olóyè Olúnlóyọ̀ fa ọmọ rẹ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́, Akínyẹlé àti Yéjídé, àwọn yìí sì wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ iléèwé náà. Àwọn ọmọ mìíràn ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Anna ń kọ́ wọn níwèé, ó ń kọ́ wọn níṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ìyá ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó àti ẹrù wọn ò lè wọlé mọ́. Wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn kí wọ́n lè rí oúnjẹ, ebi sì pa wọ́n gan-an. Síbẹ̀, wọn ò tú àwọn ọmọ náà ká.

Báwo wá ni wọ́n ṣe kọ́ wọn? Àwọn gan-an kọ́ Yorùbá. Anna jókòó ti èdè wa títí ó fi lè bá àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀. David gbọ́ ọ débi pé ó túmọ̀ ìwé John Bunyan, Pilgrim's Progress, sí Yorùbá. Nígbà tí wọ́n kúrò n'Ìbàdàn ní 1869, ọwọ́ Daniel Olúbí, tó ti wà lọ́dọ̀ wọn látìbẹ̀rẹ̀, ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Olúbí ń fi Yorùbá wàásù, ó sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí London. Ọ̀kan ò pa èkejì lára.

Ẹ tún wo àwọn ilé kéwú àdúgbò wa. Àáfà á ka Lárúbáwá, á fi Yorùbá túmọ̀ rẹ̀, ọmọ á sì máa kà á tẹ̀lé e. Pàṣán lè wà níbẹ̀ o, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí àáfà tó na ọmọ torí pé ó fi Yorùbá béèrè ìtumọ̀.

Tí ẹ bá ní ti ayé àtijọ́ nìyẹn, ẹ gbọ́ èyí. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ tó kù. Gẹ̀ẹ́sì dá dúró bí ẹ̀kọ́ kan, tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ló sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ.

Mo mọ èsì tí àwọn tíṣà kan máa fọ̀. Wọ́n á ní: "Nílé yín, Yorùbá. Lọ́jà, Yorùbá. Nínú mọ́tò, Yorùbá. Tí ẹ ò bá sọ Gẹ̀ẹ́sì níbí, níbo lẹ ti máa sọ ọ́?" Òótọ́ ni, mi ò lè jiyàn ẹ̀. Ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ l'Ọjà'ba ò ní í bá ọmọ rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìtanràn yìí ń ṣe. Kò sọ wá di ẹni tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, odi ló ń sọ wá dà. Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ò dá lẹ́nu rẹ̀ á panu mọ́ láti àárọ̀ títí a ó fi jáde, kó má bàa sanwó, kí wọ́n má sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú kíláàsì wa, tí tíṣà bá béèrè ìbéèrè, àwọn mẹ́rin kan náà ló máa ń nawọ́. Kì í ṣe pé àwọn tó kù ò mọ̀ ọ́n o. Ẹ pàdé wọn lẹ́yìn kíláàsì, wọ́n á fi Yorùbá ṣàlàyé photosynthesis fún yín yékéyéké. Ẹnu tí a pa mọ́ kì í kọ́ èdè.

Àbá mẹ́ta ni mo mú wá. Èkíní, kí wọ́n dá owó ìtanràn dúró fún sáà kan péré. Ìkejì, tó bá di àsìkò ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí gbogbo wa sọ Gẹ̀ẹ́sì, kí olúkúlùkù dìde sọ̀rọ̀, kó má sì sí ẹni tó máa rẹ́rìn-ín ẹnìkejì. Ìkẹta, nínú ẹ̀kọ́ yòókù, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé láǹfààní láti fi Yorùbá béèrè, kí tíṣà sì fi èdè méjèèjì dá a lóhùn. Lẹ́yìn náà, ká gbé èsì ìdánwò sáà yẹn ti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Tó bá burú sí i, kí wọ́n dá ìwé orúkọ padà fún mónítọ̀, mi ò ní í sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ gbé e yẹ̀ wò kí sáà tuntun tó wọlé. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, àyè wà lórí pátákó yìí fún èsì rẹ̀, ní Yorùbá tàbí ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ oníròyìn kì í gba owó ìtanràn.