Kí Lẹ Tún Ń Lò? Ìbéèrè Tí Kẹ́míìsì Kì Í Bi Wá

Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń gbé n'Íléṣà pè mí lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní taífọ́ọ̀dù ò fi àwọn sílẹ̀, pé ayédèrú ni ciprofloxacin tí kẹ́míìsì tà fún wọn. Mo wọ mọ́tò láti Òṣogbo lọ wò wọ́n.

Mo ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe ń lò ó?"

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí! Mo kó gbogbo ẹ̀ sẹ́nu, mo fi omi tì í."

"Gbogbo ẹ̀" yẹn ni ciprofloxacin, blood tonic, àti oògùn ọgbẹ́ inú tó funfun bí ẹfun.

Wàhálà wà níbẹ̀. Irin wà nínú blood tonic. Magnesium àti aluminium wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọgbẹ́ inú. Tí ciprofloxacin bá pàdé wọn nínú ikùn, ṣe ni wọ́n máa so mọ́ra wọn. Ohun tó ti so pọ̀ báyẹn kì í ráyè wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa, ìgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ máa bá jáde. Oògùn lè jẹ́ gidi, kó má sì débi iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ká lo ciprofloxacin ní wákàtí 2, ó kéré tán, ṣáájú irú àwọn oògùn yẹn, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn wọn. Tetracycline náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kódà pẹ̀lú mílíìkì.

Lóòótọ́, ó lè jẹ́ ayédèrú. Ó sì lè jẹ́ pé oògùn yẹn ò ran kòkòrò àrùn náà mọ́. Àmọ́ ta ló bi Màmá léèrè ohun tí wọ́n tún ń lò? Ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n. Èmi ò gbà pé àwọn ló jẹ̀bi. Ẹni tó gbowó oògùn ló yẹ kó bèèrè. Wọ́n á ní oníbàárà ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lèyí o. Rifampicin tí wọ́n fi ń wo ikọ́ ife máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè palẹ̀ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí mọ́. Oyún tẹ́nì kan ò retí lè ti ibẹ̀ wọlé.

Mo ní kí Màmá padà sọ́dọ̀ dókítà, kí wọ́n kó gbogbo oògùn ilé dání, títí kan ìgò àgbo. Ẹ̀yin náà, tí wọn ò bá bi yín, ẹ sọ fún wọn.